Fóònù Tó Wà ní Títì: Ta Ló Láṣẹ Láti Ṣí I?

Mo ń ti ibùdókọ̀ Cele bọ̀ ní Òṣòdì lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí àwọn agbófinró kan dá dánfó wa dúró. Wọn ò bèèrè ìwé ọkọ̀, wọn ò sì wo ẹrù tó wà lẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó sí ìlà kejì ni wọ́n nawọ́ sí, ẹni tó fi irun sílẹ̀ bíi ti dàda, tó gbé báàgì kọ̀ǹpútà lé itan. "Sọ̀kalẹ̀. Fóònù ẹ dà? Ṣí i." Ọmọ náà fohùn pẹ̀lẹ́ bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, kí ni mo ṣe?" Wọ́n ní, "Bí o ò bá ṣe nǹkan kan, kí lò ń fi pamọ́?" Kó tó tún sọ̀rọ̀, wọ́n ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ fóònù, fóònù sì ṣí. Wọ́n ka WhatsApp rẹ̀. Wọ́n wo àwòrán àfẹ́sọ́nà rẹ̀, wọ́n fi han ara wọn. Wọ́n ka alẹ́ẹ̀tì báńkì, iye owó tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n sì gbé ìdúnàádúrà lé.

Nígbà tó padà wọ ọkọ̀, gbogbo wa dákẹ́. Ìyá kan tó gbé agbọ̀n tòmátì sáàárín ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Àfi bí ẹni pé wọ́n tú ọ síhòòhò lójú títì."

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Òun ló jẹ́ kí n jókòó ti ọ̀ràn yìí, kí n yẹ̀ ẹ́ wò tinú tòde: ohun tí títì ara fóònù jẹ́ gan-an, ohun tí òfin wí, ohun tí ọlọ́pàá nílò ní tòótọ́, bí àwọn ará ibòmíràn ṣe ṣe é, àti ibi tó yẹ kí àwa dúró sí.

Àrokò inú àpò

Ọ̀rọ̀ tí ojú rí tí etí kò gbọ́ kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Kí ìwé tó dé, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀ ń wí fún ẹni tó gbà á pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà mọ́ ọn. Mẹ́jọ ń wí pé àwọn méjèèjì jọ wà ní ìṣọ̀kan. Ìránṣẹ́ tó gbé e lè rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta kó má mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa náà fi ẹnà ṣeré lọ́mọdé. "Mo fẹ́ lọ" á di "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ", ẹni tí kò bá gbọ́ ẹnà á kàn máa wo ẹnu wa. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní encryption, ẹnà ni. Ìṣirò ni wọ́n fi ṣe é, ìṣirò tó le débi pé ẹni tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kò lè tú u.

Oríṣi méjì rẹ̀ ló wà nínú fóònù tí à ń gbé kiri. Èkíní ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ní oṣù Kẹrin 2016 ni WhatsApp parí fífi ẹnà bo gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń gba orí rẹ̀ kọjá. Láti ìgbà náà, ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó kọ ọ́ sí ló lè kà á. WhatsApp fúnra rẹ̀ dà bí ìránṣẹ́ tó gbé àrokò. Èkejì ń ṣọ́ ohun tó jókòó sínú fóònù: àwòrán, nọ́ńbà àwọn èèyàn, ìwé, ohùn tí a gbà sílẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án 2014 ni Apple, pẹ̀lú iOS 8, ti sọ ọ́ di ohun tí ilé iṣẹ́ náà pàápàá kò lè ṣí mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó pẹ́ kí ààbò yìí tó kan mẹ̀kúnnù. Fóònù Android olówó pọ́ọ́kú kò ní èròjà tó lè tètè ṣe ìṣirò náà. Bí wọ́n bá gbé e lé e lórí, fóònù á máa wọ́ bí ìgbín. Oṣù Kejì 2019 ni Google gbé ọ̀nà kan tó ń jẹ́ Adiantum jáde, èyí tí wọ́n ṣe nítorí irú fóònù bẹ́ẹ̀. Láti orí Android 10 tó jáde lọ́dún yẹn kan náà, ó di dandan kí gbogbo fóònù tuntun tó bá bá a jáde ní ẹnà lára. Nípa bẹ́ẹ̀, itel tàbí Tecno tí oníṣu rà ní Òṣòdì wọ irú ààbò tí ẹni tó ń gbé ní Ikoyi wọ̀. Láyé tí a wà yìí, ohun díẹ̀ ló ń kan olówó àti tálákà bákan náà báyìí.

PIN ló di kọ́kọ́rọ́ náà mú. PIN onínọ́ńbà mẹ́rin ní ọ̀nà 10,000 tó lè gbà rí. Onínọ́ńbà mẹ́fà ní 1,000,000. Apple ṣe iPhone rẹ̀ kí dídán PIN kan wò máa gba nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Bí kò bá sí ìdíwọ́ mìíràn, ẹ̀rọ á dán ti onínọ́ńbà mẹ́rin tán láàárín ìṣẹ́jú 14, ti onínọ́ńbà mẹ́fà á sì gbà á ní wákàtí 22. Nítorí náà ni fóònù ṣe máa ń ní ká dúró ná lẹ́yìn àṣìṣe mélòó kan, tí a sì lè pàṣẹ fún iPhone kó nu gbogbo inú rẹ̀ nù bí àṣìṣe bá pé mẹ́wàá.

Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Òṣòdì bóyá ó lè bá mi ṣí fóònù tó wà ní títì. Kò gbé ojú kúrò lára iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo lè flash ẹ̀ fún yín, á ṣí. Àmọ́ gbogbo nǹkan inú ẹ̀ á ti lọ. Fóònù lẹ máa rí gbà, ẹ ò ní rí nǹkan tó wà níbẹ̀. Tó bá tún wá jẹ́ pé Google lock wà lára ẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn."

Ta ló kọ́kọ́ fẹ́ ṣí i?

Bí a bá sọ̀rọ̀ fóònù títì, ọlọ́pàá ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ẹni tó bá mọ Òṣòdì mọ̀ pé olè ló ṣáájú. Ibẹ̀ ni Agege Motor Road ti pàdé ọ̀nà márosẹ̀ Apapa sí Oworonshoki. Láti ìgbà tí ìjọba Fáṣọlá, gómìnà Èkó nígbà náà, ti kó àwọn ọlọ́jà kúrò lábẹ́ afárá ní oṣù Kìíní 2009, títí dé ìgbà tí wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá náà ní oṣù Kẹrin 2019, èrò ibẹ̀ kò dín. Ibi tí èrò bá pọ̀ sí, ọwọ́ wàràwàrà kì í jìnnà síbẹ̀. Ọlọ́jà tó ń lọ ná ọjà Aswani ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun gbé gbogbo òwò rẹ̀ sínú fóònù: ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, oníbàárà rẹ̀, áàpù báńkì rẹ̀, àwòrán ìwé ẹ̀rí ọmọ rẹ̀. Bí olè bá já a gbà nígbà tó wà ní títì, irin àti gíláàsì ló jí. Bó bá já a gbà ní ṣíṣí, ó ti wọ ilé, ó ti dé ìdí àpótí.

SIM tún yàtọ̀. Olè lè yọ ọ́ kúrò lára fóònù tó wà ní títì, kó kì í bọ òmíràn, kó máa gba ọ̀rọ̀ tí báńkì bá fi ránṣẹ́, kó sì máa tẹ nọ́ńbà bíi *737# tàbí *894# láti wá ọ̀nà wọ àpò owó olówó. Ẹni tí kò bá fi PIN sí SIM ti ti ilẹ̀kùn iwájú, ó gbàgbé ti ẹ̀yìnkùlé.

Ohun tí òfin wí

Abala 37 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ pé àṣírí ará ìlú, ilé wọn, ìwé tí wọ́n ń kọ síra wọn, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bára wọn sọ lórí tẹlifóònù wà lábẹ́ ààbò. Abala 45 gbà kí òfin dín ẹ̀tọ́ yìí kù nítorí ààbò ìlú àti ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Òfin ló dárúkọ o, irú èyí tó bá ìjọba àwaarawa mu. Kò dárúkọ ìfẹ́ inú ẹni tó gbé ìbọn. Abala 35 sì fún ẹni tí wọ́n bá mú láyè láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Òfin tó sọ̀rọ̀ ẹnà gan-an ni Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015. Abala 45 rẹ̀ ní kí agbófinró tó bá ń wá ẹ̀rí inú ẹ̀rọ tọ adájọ́ lọ fún ìwé àṣẹ. Bí adájọ́ bá rí ìdí tó múná dóko, ó lè fọwọ́ sí i kí wọ́n wo inú ẹ̀rọ náà, kí wọ́n tú ẹnà rẹ̀, kí wọ́n sì ní kí ẹni tí ẹ̀rọ náà wà níkàáwọ́ rẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, Òfin Ọlọ́pàá tuntun jáde: ìfura tó ní ìdí ló gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó dá èèyàn dúró láti yẹ ara rẹ̀ wò. Irun orí àti báàgì kọ̀ǹpútà kì í ṣe ìdí. Ní 12 oṣù Kẹfà 2023, ààrẹ buwọ́ lu Òfin Ìdáàbòbò Détà.

Àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá náà ti sọ̀rọ̀. Ní 4 oṣù Kẹwàá 2020, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ìgbà náà, Mohammed Adamu, pàṣẹ kí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè, àti àwọn ẹ̀ka bíi tirẹ̀ ṣíwọ́ títú fóònù àti kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn kiri láìgbàṣẹ. Èyí jẹ́ ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ tó gba títì láti fẹ̀hónú hàn sí SARS. Láti 1992 tí wọ́n ti dá SARS sílẹ̀ nítorí àwọn adigunjalè, iṣẹ́ wọn ti ṣí kúrò lórí ìbọn dé orí fóònù: ẹni tó bá ní iPhone ti di "Yahoo boy" lójú wọn. Ní 11 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tú SARS ká. Ní 20 oṣù náà ni ìbọn ró láàárín àwọn olùfẹ̀hónúhàn ní Lekki. Nínú ohun tó kó àwọn ọmọ wa jáde nígbà náà, àtàǹpàkò tí wọ́n fi ipá tẹ̀ mọ́ fóònù wà níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, agbẹnusọ ọlọ́pàá ti tún un sọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé títú fóònù lójú títì kò bófin mu. Òfin dára, àṣẹ dára. Wọn ò tíì sọ̀kalẹ̀ dé Cele.

Ẹkún ẹni tí ọ̀ràn kàn

Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ṣèdájọ́ òdodo gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ọlọ́pàá pẹ̀lú. Ní oṣù Keje 2012, àwọn ọkùnrin méjì tó bá Cynthia Osokogu dọ́rẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàn án wá sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Festac, tí kò jìnnà sí Ìsọlọ̀, wọ́n sì pa á. Àkọsílẹ̀ ìpè fóònù rẹ̀ àti kámẹ́rà òtẹ́ẹ̀lì ló tọ́ka sí wọn. Ní oṣù Kẹta 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ ikú fún àwọn méjèèjì. Òbí tó sin ọmọ lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ gbọ́ pé fóònù kan wà ní títì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ramon Abbas, ọmọ Èkó tí gbogbo ayé mọ̀ sí Hushpuppi. Nígbà tí ọlọ́pàá Dubai mú òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2020, fóònù 47 àti kọ̀ǹpútà alágbèéká 21 ni wọ́n kó níbẹ̀. Ohun inú fóònù àti ojú òpó rẹ̀ wà lára ẹ̀rí tó gbé e dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mọ́kànlá lé díẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2022.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ọ̀ràn méjèèjì dáadáa. Ẹ̀rí ọ̀ràn Festac wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, níbi tí ìwé àṣẹ ti lè gbà á. Òfin 2015 sì ní kí wọ́n tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Ní ti Hushpuppi, àwọn olùwádìí ti mọ ẹni tí wọ́n ń wá àti ohun tó ṣe kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ láti inú dánfó tí wọ́n dá dúró.

Bí ayé ṣe ṣe é

Ní 2014, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fohùn ṣọ̀kan nínú ẹjọ́ Riley pé ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó wo inú fóònù ẹni tó mú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, tọkọtaya kan pa èèyàn 14 ní San Bernardino. FBI rí iPhone ọkọ, wọn ò mọ PIN rẹ̀. Ní 16 oṣù Kejì 2016, ilé ẹjọ́ pàṣẹ kí Apple kọ sọ́fítíwíà tí yóò mú ìdíwọ́ kúrò lára rẹ̀. Tim Cook, ọ̀gá Apple nígbà náà, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní irinṣẹ́ tó bá ṣí ẹyọ kan á ṣí gbogbo ìyókù. Kí ẹjọ́ tó parí, FBI sanwó fún àwọn mìíràn, wọ́n bá a ṣí i.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Abala 49 òfin RIPA ti 2000, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007, jẹ́ kí wọ́n lè fi ìwé bèèrè páásìwọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá kọ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí márùn-ún bí ó bá kan ààbò orílẹ̀-èdè tàbí bíba ọmọdé jẹ́. Ní oṣù Kejì 2025, lẹ́yìn tí ìjọba ibẹ̀ ní kí Apple ṣílẹ̀kùn sí ohun tí àwọn èèyàn kó sórí iCloud, Apple mú ẹnà tó lágbára jù lọ níbẹ̀ kúrò. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Peckham kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣẹ̀ sẹ́nikẹ́ni.

Ní ẹ̀bá wa níbí, àwọn olùwádìí Citizen Lab ní Kánádà fi hàn ní oṣù Kẹjọ 2020 pé bíṣọ́ọ̀bù kan àti àlùfáà kan ní Tógò wà lára àwọn tí wọ́n fi Pegasus, sọ́fítíwíà amí ilé iṣẹ́ NSO ti Ísírẹ́lì, dojú kọ ní 2019. Nílé wa, àwọn sọ́jà wọ ọ́fíìsì ìwé ìròyìn Daily Trust ní Abuja àti Maiduguri ní oṣù Kìíní 2019, wọ́n kó kọ̀ǹpútà àti fóònù lọ. CPJ, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà àwọn oníròyìn, sọ lọ́dún yẹn pé àwọn ẹ̀rọ tó ń tú inú fóònù, bíi UFED ti ilé iṣẹ́ Cellebrite, wà lọ́wọ́ àwọn agbófinró wa, àti pé ẹni tó ń fún oníròyìn lọ́rọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi wá. Ní 2022, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja dá ajàfẹ́tọ̀ọ́ Omoyele Sowore láre lórí fóònù tí DSS, àwọn ọlọ́pàá inú, gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2019, ó sì ní kí wọ́n san ₦1 million fún un.

Àwọn ẹ̀rọ bíi UFED kì í fọ́ ẹnà. Àlèébù kékeré nínú sọ́fítíwíà ni wọ́n ń wá. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní wọ ibẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe lòdì sí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí àwọn ìjọba kan fẹ́ kí ilé iṣẹ́ fóònù fi sílẹ̀ fún àwọn. Ògiri tí a là fún ọlọ́pàá kò mọ aṣọ ọlọ́pàá yàtọ̀. Olè tó wà lábẹ́ afárá Òṣòdì á gbabẹ̀ wọlé, ibẹ̀ náà ni ìjọba tó ń ṣọ́ oníròyìn yóò gbà.

Ibi tó yẹ ká dúró sí

Kí títì fóònù wà ní pípé, kí ìwé adájọ́ sì jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí agbófinró máa gbà dé ìdí rẹ̀. Kí ìwé náà dárúkọ fóònù, ọ̀ràn tí à ń wádìí, àti ohun tí à ń wá. Ẹni tó ń wá àkọsílẹ̀ ìpè ọjọ́ mẹ́ta kò ní iṣẹ́ kankan nínú àwòrán ìgbéyàwó. Kí ẹ̀rọ tó ń tú fóònù wà lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní olú ilé iṣẹ́, kí wọ́n sì máa kọ orúkọ ẹni tó lò ó àti ọjọ́ tó lò ó sílẹ̀.

Àwọn adájọ́ pẹ̀lú ní irinṣẹ́ kan lọ́wọ́. Abala 14 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 jẹ́ kí ilé ẹjọ́ lè ta ẹ̀rí tí wọ́n gbà lọ́nà àìtọ́ nù, bí aburú gbígbà á bá ju oore rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí àwọn adájọ́ Èkó bá ń lò ó déédéé fún fóònù tí wọ́n fi ipá ṣí lójú títì ni àṣà náà máa rọ̀, torí agbófinró tó mọ̀ pé asán ni ohun tó rí kò ní fi wákàtí kan wá a.

Kí àwa náà ṣe tiwa. Ẹ lo PIN onínọ́ńbà mẹ́fà. Ẹ fi PIN sí SIM. Àtàǹpàkò rọrùn, àmọ́ ẹlòmíràn lè fà á. Bí ẹ bá pa fóònù tí ẹ sì tún un tàn, PIN ló máa kọ́kọ́ bèèrè. Láti 2024 ni iPhone, láti 2025 sì ni àwọn Android kan pẹ̀lú, ti ń pa ara wọn tún tàn bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí àwọn agbófinró bá dá yín dúró, ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ bèèrè ìdí àti ìwé àṣẹ. Ẹ má bá ìbọn jiyàn. Ẹ wo orúkọ tó wà láyà, ẹ rántí ibi àti aago, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì Public Defender ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tó ń gba ẹjọ́ mẹ̀kúnnù rò lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí dánfó wa tó dé Òṣòdì lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bi mí bí òun ṣe lè mú àtàǹpàkò kúrò lára fóònù. Mo fi ibi tó máa tẹ̀ hàn án. Nígbà tó kan kó tẹ PIN tuntun, ó yíjú sí fèrèsé, ó fi èjìká bo ojú fóònù kí èmi tí mo jókòó tì í má bàa rí i. Mo gbójú kúrò níbẹ̀. Ìyá alátòmátì náà gbójú kúrò. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ń fi pamọ́.